Ẹ Bi Ẹni Tó Máa Pọnmi Léèrè

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Lẹ́tà kan jáde nínú ìwé ìròyìn yín láìpẹ́ yìí, tí bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta kan kọ láti Ìbàdàn. Ó ní òun fẹ́ kó ìyàwó àtàwọn ọmọ òun kúrò ní ìgboro, kí wọ́n lọ máa gbé abúlé bàbá òun nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́. Owó ilé ti ga jù, ariwo jẹnẹrétọ̀ kò jẹ́ kí òun rí oorun sùn, atẹ́gùn abúlé mọ́, ilẹ̀ ẹbí sì wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wá fi "àjò kò dùn kí onílé má relé" dé e lórí. Lẹ́tà náà dùn ún kà. Mo kà á tán, mo tún padà sókè, mo ń wá ibi tó ti sọ ohun tí ìyàwó rẹ̀ wí sí i. N kò rí i.

Èlùbọ́ ni mo ń tà ní Tàkìé, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, ẹ̀yìn ọjà Akẹ̀sán. Ọmọ Ajílété, ìyẹn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló gbé mi níyàwó. Tíṣà ni ọkọ mi kó tó fẹ̀yìn tì. Abúlé wọn ní ìhà Ìkóyì-Ilé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríire, ni mo kọ́kọ́ gbé. A ti ibẹ̀ lọ sí Ọ̀jọ́ọ̀ n'Íbàdàn, a sì tún padà wá kọ́lé sí etí Ògbómọ̀ṣọ́. Títí dòní, abúlé ni mo ti ń ra ọjà mi, lọ́wọ́ àwọn obìnrin tí wọ́n ń bẹ iṣu, tí wọ́n ń sè é níwọ̀nba, tí wọ́n ń sá a lórí àpáta títí á fi gbẹ. Èmi kì í ṣe ọ̀tá abúlé. Àmọ́ mo mọ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí omi bẹ̀rẹ̀, torí pé bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta yìí kò fẹnu kan omi rárá. Ọkùnrin ni, mi ò bá a jà.

Nígbà tí mo dé ilé ọkọ ní 1984, odò kan ni gbogbo abúlé ń pọn. Nígbà òjò, omi á dọ̀tí, ṣùgbọ́n á wà. Bí ọyẹ́ bá ti dé, odò á bẹ̀rẹ̀ sí í fà, á fà títí á fi ku kòtò kéékèèké láàárín yanrìn. Igbá kékeré la fi ń bù ú. Wàá bù díẹ̀, wàá dúró kó tún sun, wàá tún bù. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló máa rí èyí tó mọ́, nítorí náà kí àkùkọ tó kọ la ti ń gbéra, ọmọ lẹ́yìn, àtùpà lọ́wọ́. Inú irú omi bẹ́ẹ̀ ni sọ̀bìà ti ń wọ èèyàn lára. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìsinsìnyí kò mọ̀ ọ́n, ẹ dúpẹ́. Kòkòrò tín-ín-tín tí ojú kò lè rí dáadáa ló ń gbé e nínú omi. Ẹni tó bá mu ún kò ní mọ nǹkan kan títí bí ọdún kan, kí ẹsẹ̀ tó wú, kí ó bẹ́, kí aràn funfun kan tó lè gùn tó mítà kan máa yọ orí. Ìyá ọkọ mi ní i ní ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n á fi igi ìṣáná rọra ká a, ìwọ̀nba tó bá yọ lóòjọ́ ni wọ́n á ká, torí bí ó bá já sínú, wàhálà míì nìyẹn. Ìgbà tí iṣẹ́ oko bá sì pọ̀ ló máa ń mú àwọn èèyàn mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn elétò ìlera kó aṣọ asẹ́ wá, wọ́n ní ká máa sẹ́ omi ká tó mu ún. Ta ni wọ́n kó asẹ́ fún? Àwa obìnrin ni.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ka àwọn tó ní sọ̀bìà káàkiri Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n lé ní 600,000. Ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Ẹ̀rù sọ̀bìà ti kúrò. Ẹrù omi kò tíì kúrò lórí obìnrin.

Wọ́n ti gbẹ́ ẹ̀rọ omi sí abúlé náà báyìí, mi ò ní parọ́. Ẹni tó ń du ipò ló gbẹ́ ẹ, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára tánkì. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa, lẹ́yìn náà ó dákẹ́, wọ́n dáwó tún un ṣe, ó tún dákẹ́. Ilẹ̀ tiwa níhìn-ín, òkúta ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ojú ibi tí òkúta ti sán ni omi ń fara pamọ́ sí. Ẹni tó bá gbẹ́ tí kò bá ojú ibẹ̀, eruku ni yóò máa fà jáde, owó rẹ̀ sì ti wọlẹ̀. Ẹni méjì lè wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ọ̀kan rí omi, kí èkejì má rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń wí pé, "A ó kàn gbẹ́ bòhóòlù ni." Kàn kẹ̀?

Ohun kan wà tí àwọn ọkùnrin tó ń ra ilẹ̀ ní abúlé ń ṣe. Oṣù Kẹjọ ni wọ́n ń lọ wò ó. Iṣu titun ti jáde, koríko tutù, odò kún, àwọn ìbátan pa adìyẹ fún wọn, wọ́n gún iyán. Ta ni yóò jẹ iyán bẹ́ẹ̀ tán tí kò ní fẹ́ kọ́lé síbẹ̀? Kí wọ́n lọ lóṣù Kejì. Kí wọ́n lọ nígbà tí ewé ti gbẹ, tí eruku ti pọ́n gbogbo ògiri, kí wọ́n sì béèrè ibi tí omi tí wọ́n fi fọ àwo iyán ọjọ́ náà ti wá.

Ibì kan wà nínú lẹ́tà náà tí mo ti bọ́ gíláàsì ojú mi sílẹ̀. Ó ní òun kò ní fi iṣẹ́ òun n'Íbàdàn sílẹ̀; òun á máa wá sílé ní òpin ọ̀sẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. A jẹ́ pé ìyàwó àtọmọ ló máa gbé abúlé, òun á máa bẹ̀ wọ́n wò. Òun ni yóò gbádùn atẹ́gùn tó mọ́ náà ní Sátidé àti Sọ́ńdè, ìyàwó rẹ̀ ni yóò gbádùn ìyókù. Ẹ sì jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó ọkọ̀. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, ẹ̀yin náà mọ ohun tí owó ọkọ̀ ti dà. Èmi tí mo ń gbé àpò èlùbọ́ lọ sí Bódìjà mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ sì wà níbẹ̀, tóóró báyìí, tí àwọn tírélà tó ń ti òkè Ọya bọ̀ ń du pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ wa kéékèèké. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń sọ pé wọ́n ń sọ ọ́ di oníbejì, àwọn ọmọ tí wọ́n bí nígbà náà ti ń wa ọkọ̀ lórí rẹ̀. Ṣé ọ̀nà yẹn ni bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta fẹ́ máa gbà lálaalẹ́ Jímọ̀? Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló máa wá bó ṣe wí. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Mo ti rí i lára àwọn aládùúgbò wa ní abúlé, tí àwọn ọkọ wọn wà ní Èkó.

Ọ̀rọ̀ ilé ìwé ni ọkọ mi máa ń fẹ́ kí n sọ, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà ní abúlé, òun fúnra rẹ̀ sì kọ́ni níbẹ̀. Kíláàsì mẹ́ta ló ń mú pọ̀ nínú yàrá kan. Kí ó tó yí láti pátákó kan sí èkejì, àwọn kan ti sùn, àwọn kan ti jáde lọ ṣa máńgòrò. Òfin ọdún 2004 sọ pé gbogbo ọmọ ló gbọ́dọ̀ lo ọdún mẹ́sàn-án ní ilé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní girama kékeré. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n òfin kò lè gun ọ̀kadà gbé ọmọ dé girama tó wà ní ìlú kejì. Kí ni àwọn òbí ń ṣe? Bí ọmọ bá ti pé ọdún mọ́kànlá, wọ́n á fi í sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kan ní ìgboro. Ẹ wá wò ó: nítorí àwọn ọmọ la ṣe kó lọ sí abúlé, àwọn ọmọ ti padà sí ìgboro, inú ilé onílé ni wọ́n ń gbé, àwa la ṣẹ́kù sí abúlé pẹ̀lú atẹ́gùn tó mọ́.

Ní ti ìlera, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Láti 1907 ni ọsibítù àwọn Onítẹ̀bọmi ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn èèyàn sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá síbẹ̀. Àǹfààní ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rọbí lóru ní abúlé, láàárín òjò, àárín ọlọ́kadà àti ọkọ rẹ̀ ni yóò jókòó sí títí dé ibẹ̀. Mo mọ̀ bó ṣe rí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Ìbàdàn ni mo wá ń polówó. N'Íbàdàn, yàrá kan la gbà, nínú ilé tí yàrá mẹ́jọ kọjú síra, ilé ìdáná kan, ilé ìwẹ̀ kan. Omi ibẹ̀ náà, kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì la fi ń rà á. Lánlọ́ọ̀dù fi owó kún owó ilé nígbà tó wù ú. Ẹni tó bá sì fẹ́ gba ilé mìíràn, kó tó san owó ilé, á san ti ajẹ́ǹtì, á san ti àgíríìmẹ́ǹtì. Èyí tó tilẹ̀ dùn mí jù kì í ṣe owó. Ní abúlé, bí mo bá ń lọ sóko, ìyá ọkọ mi á gba ọmọ, ìyàwó bùrọ̀dá ọkọ mi á wẹ̀ ẹ́, ẹni tó bá ń se ọbẹ̀ á fún un lóúnjẹ. N'Íbàdàn, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ mi lọ́jọ́ kan torí pé mo fẹ́ sáré ra kẹrosíìnì. Mo gbọ́ igbe ọmọ láti ìta. Kò sí ẹni tó yọjú. Àwọn aládùúgbò ibẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú o, iṣẹ́ ni oníkálukú bá lọ. Nítorí náà, nígbà tí arákùnrin yìí wí pé abúlé dára fún títọ́ ọmọ, ibẹ̀ ló ti sọ òótọ́ jù lọ, mo sì gbà fún un.

Àwọn bàbá wa gan-an kò yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Ilé wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ahéré wà lóko. Wọ́n á lọ ṣiṣẹ́ lóko fún ọjọ́ púpọ̀, wọ́n á wọlé fún ọdún àti fún ìnáwó, bí àgbà kan bá sì kú sí oko, ìlú ni wọ́n máa ń gbé e wá sin. Ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló tún kó ọ̀pọ̀ èèyàn jọ sínú odi Ògbómọ̀ṣọ́, tí ìlú fi tóbi tó báyìí. Ta ló lè kọ́lé méjì pẹ̀lú owó oṣù kan lóde òní? Ṣùgbọ́n èèyàn lè kọ́ ọ̀kan síbi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò ti tó méjèèjì. Ohun tí àwa ṣe nìyẹn: etí ìlú, níbi tí ọkọ mi ti lè gun ọ̀kadà lọ sí oko rẹ̀, tí èmi náà sì lè wọ Màrúwà dé Tàkìé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe mú ibẹ̀, torí òun ni mo fẹ́ kí àwọn obìnrin kà. Ajẹ́ǹtì àti ọkọ mi dúró lójú títì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ bàtà àti ìdajì púlọ́ọ̀tì. Oṣù Kẹta ni, òjò kò tíì dé. Mo gba ẹ̀yìn lọ sí ilé tó kángun sí ilẹ̀ náà, níbi tí ìyá kan ti ń fọṣọ. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí n bá wọn fa omi kan. Mo ju garawa sí kànga, mo jẹ́ kó lọ kanlẹ̀, mo fà á jáde, mo sì na okùn náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Okùn kànga kì í parọ́. Ibi tó gbẹ ni bí omi ṣe jìn tó, ibi tó rin ni bí omi ṣe kù tó. Mo dúró tì í, mo fà á sókè lára mi: ibi tó rin dé àyà mi, nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Mo bi ìyá náà bóyá ó máa ń gbẹ. Wọ́n ní, "Ọdún tí òjò bá pẹ́ gan-an, òru la máa ń fà á, kí tọ̀sán lè sun." Mo bi wọ́n bí àgbàrá ṣe ń ṣe níbẹ̀, wọ́n fi ojú ibi tó dé lára ògiri wọn hàn mí. Mo bi wọ́n ibi tí ọmọ wọn ń kàwé, àti iye tó ń fi wọkọ̀. Wọ́n tún sọ fún mi, láìjẹ́ pé mo béèrè, pé ẹni tó ń ta ilẹ̀ náà ní àbúrò tí kò fọwọ́ sí i. Gbogbo ìyẹn kí aṣọ tó wà nínú ọpọ́n tó tán. Ajẹ́ǹtì kò ì bá sọ ìdá kan rẹ̀ fún wa títí ayé. A ní kí wọ́n lọ mú àbúrò yẹn wá kó fọwọ́ síwèé kí a tó san kọ́bọ̀.

Èyí wá mú mi dé orí ilẹ̀ ẹbí tó wà lọ́fẹ̀ẹ́. Òótọ́ ni pé bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta kò ní san owó ilẹ̀. Àmọ́ ṣé ìyàwó rẹ̀ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún òun? Lọ́yà kan máa ń ra èlùbọ́ lọ́wọ́ mi, òun ló là mí lóye. Ó ní láti 1957 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà nígbà náà ti sọ ọ́ nínú ẹjọ́ kan pé, ní àṣà Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ló ń jogún bàbá wọn. Ó ní ẹni tó bá ṣe ìgbéyàwó kóòtù, tàbí tí ọkọ rẹ̀ kọ ìwé ìhágún, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lè yàtọ̀. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló lọ sí kóòtù? Obìnrin á ru búlọ́ọ̀kù, á pọn omi tí bíríkìlà fi po sìmẹ́ǹtì, á se oúnjẹ lébìrà, á ta góòlù ọrùn rẹ̀ kún owó páànù, orí ilẹ̀ ẹbí ọkọ sì ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí ọkọ bá ṣaláìsí, tí ọmọ ṣì kéré, àwọn àbúrò ọkọ ni yóò máa sọ fún un yàrá tó lè lò. Mo ti bá opó kan gbé àpótí rẹ̀ jáde nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Páànù orí rẹ̀ ṣì ń dán.

Ìmọ̀ràn lọ́yà náà kò le. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ẹ ra ilẹ̀ yín gédégbé, kí orúkọ ọkọ àti ìyàwó jọ wà lórí risíìtì àti àgíríìmẹ́ǹtì, kí sọ̀fẹ́yọ̀ yà á. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, nítorí náà bí agbára bá gbé e, kí ẹ gba C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí ni dandan, kí olórí ẹbí kọ ọ́ sílẹ̀ pé a fún lágbájá àti ìyàwó rẹ̀, kí àwọn àgbà fọwọ́ sí i. Ọkùnrin tí èyí bá bí nínú, kí ìyàwó rẹ̀ tètè bi í ohun tó fà á.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa kọ̀wé pé Ògbómọ̀ṣọ́ kò yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Láti ìgbà tí yunifásítì LAUTECH ti dé ní 1990, àwọn onílé tó wà nítòsí ọmọ ilé ìwé ti mọ owó gbà. Iná máa ń lọ fún ìgbà pípẹ́. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá lọ sílé fún ìsinmi, ọjà mi á dúró lójú kan. Mi ò sọ pé gbogbo èèyàn ló gbọ́dọ̀ wá síbí. Àwọn kan wà tí abúlé bá lára mu, tí ìyàwó fúnra rẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀, tí ó ní oko káṣú tirẹ̀ tàbí tó ń ṣe òrí, tí owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni mo ń rajà lọ́wọ́ wọn ní Oríire, ẹ ò lè fi tipátipá mú wọn wá sí ìgboro. Àwọn fúnra wọn ló yàn án. Ìyẹn ni gbogbo ohun tí mo ń wí.

Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi èyí jẹ́ iṣẹ́ fún arákùnrin náà. Kí ó má bínú. Kí ó gbé ìwé ìròyìn yìí fún ìyàwó rẹ̀. Bí ìyàwó náà bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí abúlé kó tó gbà tàbí kó tó kọ̀, kí ó wá bá mi ní Tàkìé lóṣù Kejì, kí ó béèrè Ìyá Elélùbọ́. A ó jọ wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ tí mo bá ń lọ sí Oríire. Kí ó wọ bàtà tó ṣeé rìn. Ọkọ rẹ̀ lè dúró n'Íbàdàn, kó máa tọ́jú àwọn ọmọ títí a ó fi dé.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Elélùbọ́,
Tàkìé, Ògbómọ̀ṣọ́.